Làálì ní Ilé Olúyọ̀lé: Ìtàn Ewé Aṣálẹ̀ Tí Ó Di Ẹwà Ìyàwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ènìyàn kò bá mọ ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Òwe yìí kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ó kan oúnjẹ, aṣọ, ewé àti ohun ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Bí a bá rí ìyàwó tuntun ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹ́yẹrunkà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí èékánná ọwọ́ rẹ̀ náà sì pọ́n, gbogbo ẹni tí ó bá rí i ni yóò mọ̀ pé ó lé làálì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni yóò béèrè ibi tí làálì ti wá. Ewé náà kì í ṣe ewé igbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà já ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni, ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, tí oòrùn rẹ̀ sì ń jóni bí iná. Bí ó ṣe rìn láti etí aṣálẹ̀ títí ó fi dé ilé Olúyọ̀lé ni ìtàn tí ó wà níhìn-ín. Ìtàn náà ṣe pàtàkì lónìí, nítorí pé orúkọ làálì ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ wọn.

Irú Igi Tí Làálì Jẹ́

Làálì jẹ́ igi kékeré tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju mítà 2 sí 6 lọ. Ewé rẹ̀ kéré, méjì méjì ni wọ́n sì ń dojú kọ ara wọn lórí ẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó lè funfun, ó sì lè pọ́n díẹ̀. Òdòdó wọ̀nyí a máa ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, òórùn wọn sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní Íńdíà. Bí òdòdó bá rẹ̀ dànù, èso róbótó tí ó kún fún wóró kéékèèké ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1753 ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ igi náà ní Lawsonia inermis. Ó fi apá kìíní orúkọ yẹn rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Isaac Lawson, oníṣègùn ará Scotland tí ó ti ràn án lọ́wọ́ láti san owó ìtẹ̀wé rẹ̀. Ìtumọ̀ apá kejì ni "aláìlẹ́gùn-ún". Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan igi làálì tí ó ti gbó yóò mọ̀ pé orúkọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé ẹ̀gún a máa yọ lára ẹ̀ka rẹ̀ bí ó bá ti dàgbà.

Ilẹ̀ tí a ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà àtijọ́ ni àríwá Áfíríkà, ilẹ̀ Lárúbáwá, àti ìhà ìlà-oòrùn títí dé Íńdíà. Nínú aṣálẹ̀ gan-an, etí ìsun omi ni wọ́n ti ń gbìn ín. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti mú ilẹ̀ tán, ọ̀dá kò tètè rí i gbé ṣe. Ooru ni igi yìí fẹ́. Ibi tí ooru bá ti wà láàárín digiri 35 sí 45 ni aró inú ewé rẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù lọ. Bí òtútù bá sì mú kọjá ààlà, ewé rẹ̀ a máa rọ, a sì máa wọ́ dànù.

Lawsone ni àwọn onímọ̀ ń pe aró tí ó wà nínú ewé náà. Kò ju bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 lọ nínú ewé gbígbẹ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ tó. Ó máa ń so mọ́ ohun líle tí ó wà nínú awọ ara, nínú irun àti nínú èékánná. Ìdí nìyí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń jinlẹ̀ jù lọ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí awọ ti nípọn. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí ti ọsàn tí ó pọ́n. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, a pọ́n sí i, a sì fẹ́ jọ àwọ̀ obì pupa. Bí awọ bá ti ń paàrọ̀ ara rẹ̀ ni àwọ̀ náà yóò máa ṣá, títí yóò fi pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ohun kan ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn: kò sí làálì tòótọ́ tí í dúdú bí èédú.

Ìrìn Àjò Láti Etí Aṣálẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti mọ ewé yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ òkú Ramesses Kejì wò ní Paris ní 1976, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi làálì pa irun rẹ̀ láró. Ọba Íjíbítì ni Ramesses í ṣe, ó sì ti kú láti ọdún 1213 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú Bíbélì, Orin Sólómọ́nì dárúkọ òdòdó olóòórùn dídùn kan ní ọgbà Ẹ́ńgédì, ibi ìsun omi létí Òkun Òkú tí aṣálẹ̀ yí ká. Làálì ni ọ̀pọ̀ àwọn atúmọ̀ gbà pé òdòdó náà jẹ́. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, ó bá àṣà yìí nílẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá, ó sì gbà á wọlé. Hàdíìsì wà tí ó yin fífi làálì pa irun ewú láró. Ibikíbi tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí bá sì gbà kọjá, láti Mọ̀rókò dé Sudan, ni ewé náà ń bá wọn lọ.

Ta ni ó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ Yorùbá? Orúkọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Al-hinnāʾ ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé Lárúbáwá ni ó ti bọ́ sí ẹnu Yorùbá tààrà, ìró ọ̀rọ̀ yẹn ni ìbá wà nínú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lalle ni Hausa ń pè é, òun sì ni Yorùbá sọ di làálì. Ẹnu Hausa náà ni Yorùbá ti gba ràkúnmí, tàkàdá àti àlùbọ́sà. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tọ́ka sí ọ̀nà kan náà, ọ̀nà òwò tí ó ti etí aṣálẹ̀ Sàhárà gba ilẹ̀ Hausa kọjá wá sí gúúsù.

Ọ̀nà yìí ti wà kí Ìbàdàn tó wà. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ẹrú Gàmbàrí pọ̀. Àwọn ni onígbàjámọ̀, àwọn ni alókùn, àwọn sì ni darandaran fún àwọn ọlọ́lá. Àwọn oníṣòwò ń kó kán-ún láti ìhà Bọ̀nú wá, wọ́n ń kó ẹṣin wá, wọ́n sì ń kó obì padà. Ewé gbígbẹ kò wúwo lórí ẹrù, kì í sì í tètè bàjẹ́. Níbi tí kán-ún bá ti lè dé, làálì lè dé ibẹ̀. Nígbà tí Ìlọrin di ìlú Ẹ́míà ní àwọn ọdún 1820, ibẹ̀ di ẹnu ibodè ńlá láàárín ọjà Hausa àti ọjà Yorùbá, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí ó di ibùdó ogun. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ irú ibi tí ó wà: Ẹ̀bá Ọ̀dàn, ibi tí igbó ti ń parí, tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn Ọ̀yọ́ tí ó sá kúrò nílé nígbà tí ìlú wọn tú, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, kò sì sí ìfẹ́ láàárín ìlú méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ogun kì í pa ọjà rẹ́ pátápátá. Ọjà tí a wá mọ̀ sí Ọjà'ba, tí í ṣe Ọjà Ìbà, ọjà Olúyọ̀lé fúnra rẹ̀, di ibi tí gbogbo ọjà ilẹ̀ òkè àti ilẹ̀ odò ti ń pàdé. Ní ìgbà Olúyọ̀lé náà ni Ahmad Qifu di Ìmáàmù Àgbà àkọ́kọ́ fún ìlú náà. Mọ́ṣáláṣí àgbà Ìbàdàn ṣì wà ní Ọjà'ba títí di òní. Nígbà tí Látòósà, tí í ṣe Mùsùlùmí, di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ẹ̀sìn àlejò lásán ni Ìsìláàmù ní Ìbàdàn. Bí ẹ̀sìn náà ṣe ń gbilẹ̀ ni ìmúra ìyàwó rẹ̀ ń gbilẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, irin ni ó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1911 ó dé Kánò. Ìrìn tí ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rìn di ìrìn ọjọ́ díẹ̀. Ní 1916, ìjọba pín ilẹ̀ Sábó fún àwọn Hausa tí ń gbé Ìbàdàn. Obì ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè ọya, màlúù ń ti òkè ọya bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, ohun èlò ilẹ̀ Hausa kò ṣàjèjì mọ́ fún ẹni tí ń ná ọjà ní ìsàlẹ̀ òkè náà.

Àjèjì Bá Onílé

Làálì kò bá ara Yorùbá ní òfìfo. Ó bá àwọn onílé méjì níbẹ̀. Osùn ni èkíní, èyí tí a ń lọ̀ láti ara igi, tí a ń fi kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Pupa ni òun náà, ṣùgbọ́n orí awọ ni ó ń wà. Omi lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Bùjé ni èkejì. Igi inú igbó ni bùjé. Omi inú èso rẹ̀ tútù ni àwọn obìnrin fi ń ya iṣẹ́ ọnà sí apá, sí ẹsẹ̀, sí ọrùn àti sí àyà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, yóò ti dúdú kirikiri. Àwọn àgbà tilẹ̀ fi ṣòwe pé ẹwà bùjé kì í ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń fi ohun tí kì í tọ́jọ́ yangàn.

Nítorí náà, ní Ẹ̀bá Ọ̀dàn yìí, ohun ọ̀ṣọ́ igbó àti ohun ọ̀ṣọ́ aṣálẹ̀ pàdé lórí ara obìnrin kan náà. Bùjé ní dúdú, làálì ní pupa tí ń wọ inú awọ. Nínú oríkì Ìbàdàn, àwọn akéwì a máa sọ ọ́ pé ìlú náà a máa gbe àjèjì ju onílé lọ. Bí ọ̀rọ̀ làálì àti bùjé ṣe rí gan-an nìyẹn. Àjèjì dé, ó ní ẹ̀sìn lẹ́yìn, ó ní ọjà lẹ́yìn, ó sì ní ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba ipò ìyàwó, bùjé sì padà sẹ́yìn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Bẹẹrẹ ti rí làálì rí. Bùjé, inú òwe nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ làálì ni èyí. Ohun tí ó mú wá ju àwọ̀ lọ. Lílé làálì kì í ṣe iṣẹ́ kíákíá. A ó gún ewé gbígbẹ, a ó jọ̀ ọ́ kí ó kúná, a ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó. Àwọn mìíràn a máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. A ó fi í sílẹ̀ kí aró rẹ̀ jáde, kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. A ó wá dì í kí ó má baà gbẹ, ó di àárọ̀. Ní ilẹ̀ Hausa, inú kèrègbè gígùn ni ìyàwó máa ń ki apá bọ̀ kí làálì má baà dà nù. Ẹni tí a bá dì tọwọ́ tẹsẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ kankan. Ó di dandan kí ó jókòó. Àwọn àgbàlagbà obìnrin ni yóò jókòó tì í. Ní òru bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti ọ̀rọ̀ sùúrù ti ń wáyé, tí ẹlòmíràn yóò pa á lẹ́rìn-ín, tí ẹlòmíràn yóò pa á lẹ́kún. Ilé ẹ̀kọ́ ni òru làálì.

Dúdú Tí Ó Ń Ba Làálì Jẹ́

Nǹkan mìíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọbìnrin òde òní fẹ́ iṣẹ́ ọnà dúdú, wọ́n sì fẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ọlọ́jà bá fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ń pe aró dúdú inú ọ̀rá tàbí inú ìgò ní làálì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ewé kankan nínú. Aró irun ni, èyí tí a fi kẹ́míkà tí ń jẹ́ para-phenylenediamine ṣe, tí wọ́n ń gé kúrú sí PPD. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú aró irun tí ó bá ti dé orí, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i rárá fún yíyà sí ara. Ó lè mú kí awọ máa yúnni, kí ó wú, kí ó lé ròrò, kí àpá rẹ̀ sì má lọ mọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe lọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè má lè lo aró irun mọ́ láéláé láìjẹ́ pé àìsàn dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù nìyí: dúdú tí wọ́n ń wá kiri nínú ọ̀rá kẹ́míkà, bùjé ti ní i tẹ́lẹ̀. Ìlú tí ó ti ní dúdú tirẹ̀ nínú igbó, tí ó sì gba pupa láti aṣálẹ̀, wá gbé àwọn méjèèjì tì, ó lọ ra ohun tí kì í ṣe ti igbó, tí kì í ṣe ti aṣálẹ̀. Àjèjì àkọ́kọ́ gba ipò lọ́wọ́ onílé, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi wọlé. Àjèjì kejì yìí, orúkọ ẹlòmíràn ni ó wọ̀ bí ẹ̀wù. Bí orúkọ bá wà tí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà bá lọ, ìtàn ti sọnù nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ làálì ni ẹ̀rí tí a ní pé ọ̀nà òwò kan wà láti etí Sàhárà dé Ọjà'ba. Ẹni tí ó bá rò pé inú ìgò ni làálì ti wá kò ní béèrè ọ̀nà kankan.

Àwọn ará ibòmíràn kò fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣeré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi àṣà làálì sínú àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Orílẹ̀-èdè 16 ni ó pawọ́ pọ̀ béèrè fún un. Íjíbítì, Mọ̀rókò, Sudan àti Mauritania wà lára wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Ohun tí àwọn ìyá ní Ọjà'ba ń ṣe kò kéré sí ti àwọn ìyá ní Khartoum. Àkọsílẹ̀ ni kò sí.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ pé ohun tí ó bá ti jẹ́ ewé kò lè pani lára. Làálì tòótọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi kun ara ọmọ tuntun. Àwọn ènìyàn kan wà tí èròjà G6PD, tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ara wọn. Láàárín àwọn Yorùbá, ó tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Bí a bá fi làálì kun ọmọ tuntun tí ó ní àìtó yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí osùn ẹyin, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè wà nínú ewu. Ẹsẹ̀ ìyàwó ni ààyè làálì, kì í ṣe ara ọmọ ọwọ́.

Kí ni ṣíṣe? Kò le. Kí ìyá tí ó fẹ́ ṣe ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ béèrè fún ewé lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ó fojú rí i kí a tó gún un. Ohun tí ó bá dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe làálì, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Igi làálì kò le láti gbìn sí ọgbà. Ọ̀gẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé kan tó o. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní òwe bùjé wá èso rẹ̀ kan hàn wọ́n pẹ̀lú. Kí àwọn tí ìyá wọn àgbà ṣì wà láàyè ní Bẹẹrẹ, ní Màpó àti ní Bẹ́yẹrunkà bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe lé làálì fún wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ta ni ó dì í, ta ni ó jókòó tì wọ́n, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wọn sọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ làálì kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́sẹ̀ ìyàwó. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni yóò pẹ́ jù ú lọ.